Àwa Tí A Fi Orí Ru Omi Dàgbà

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa tí ẹ lọ sílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Yàgbà ṣì wà lábẹ́ Kwara, tí ẹ sùn ní ọmọ Kwara lóṣù kẹjọ ọdún 1991 tí ẹ sì jí ní ọmọ Kogi láìkó igbá kan kúrò nílé, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí mo bá ní kí ẹ fọwọ́ kan àtàrí yín báyìí, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni òṣùká máa ń jókòó sí. Àwọn kan nínú wa ṣì ń sọ títí dòní pé garawa omi ni kò jẹ́ kí àwọn ga.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ka èyí lórí fóònù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní ìlú wa, Odò-Ẹrẹ̀, nígbà tiwa, omi kì í wá bá èèyàn nílé. Èèyàn ló ń lọ bá a lódò, kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a tó wọ aṣọ ilé-ìwé, kí a tó fẹnu kan ohunkóhun. Ìyá á pe orúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá pè é lẹ́ẹ̀kejì, ó ti fi orúkọ bàbá rẹ mọ́ ọn, o sì mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kẹta kò ní jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

A ó tò lọ́wọ̀ọ́wọ́, àgbà síwájú, kékeré sẹ́yìn. Bí a bá pọn omi tán, a ó já ewé lé e lójú kó má baà máa ta dànù. Ta ló kọ́ wa? A kò rántí, gbogbo wa ṣáà mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tó bá yọ̀ ṣubú níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ń gùn bọ̀, a ó rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí omi tiwa náà á fi dà sí wa lára. Ẹ̀rín á wá di ti gbogbo ayé, a ó sì jọ padà lọ pọn òmíràn.

Odò yẹn ní òfin, òfin rẹ̀ sì múlẹ̀ ju ti ilé ẹjọ́ lọ. Òkè ni ti omi mímu. Ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni ti aṣọ fífọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ti ìwẹ̀ àti ẹ̀gẹ́ rírẹ. Ìkòkò ìdáná tí ìdí rẹ̀ dúdú kò gbọdọ̀ kan omi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko dé bèbè, kò sì gbọdọ̀ gé igi tó ṣíji bo orísun. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti ń kanlẹ̀kùn, wọ́n á pe àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́kùnrin jáde lọ tún odò ṣe, wọ́n á kó ewé tó ti jẹrà, wọ́n á gbẹ́ ẹrọ̀fọ̀ kúrò, ẹni tí kò bá sì yọjú á sanwó ìtanràn.

Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù nídìí gbogbo èyí. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí fáìlì. Àwọn ìyá àgbà tó máa ń kọ́kọ́ dé odò ni ọlọ́pàá ibẹ̀. Bí wọ́n bá rí ọ tí o ń fi ọṣẹ fọ nǹkan lókè odò, ìròyìn rẹ á dé ilé ṣáájú rẹ, o ó sì bá bàbá rẹ níta tó ń dúró dè ọ́.

Ẹ̀ẹ̀rùn ló wá mọ wá tán. Láàárín oṣù kejì sí ìkẹta, odò á gbẹ, iyanrìn á sì ṣẹ́kù. Inú iyanrìn yẹn ni a ti ń wá omi. A ó fi ọwọ́ àti igbá gbẹ́ ihò, ó lè jìn tó apá àgbà. A ó sì jókòó. Omi á máa sun díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ihò, ó funfun bí omi ògì. Ahá kìíní, a dà á nù. Ìkejì, a dà á nù. Ìkẹta ló máa ń mọ́, òun ni a ó rọra bù sínú garawa, ahá kan lẹ́yìn òmíràn, láìjẹ́ kí ọwọ́ kan etí ihò kó má baà wó. Garawa kan lè gbà tó wákàtí kan. Ẹni tí kò lè dúró á fi òkúta dí àyè rẹ̀ lórí ìlà. Ẹ̀yin tí ẹ jà nítorí òkúta yẹn, tí ẹ sì wá di ọkọ àti aya lẹ́yìn ogún ọdún, ẹ kú orí ire. Ẹ mọ ara yín.

Adùn náà wà níbẹ̀. Omi inú àmù ní àkókò ọyẹ́, tó ń rùn díẹ̀ bí amọ̀ àti èéfín, fìríìjì kan kò ì tí ì fún wa nírú rẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ tí a ń sá jáde lọ dúró sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ páànù. Àwọn ilé kan tilẹ̀ ní tánkì sìmẹ́ǹtì tí bàbá àgbà mọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, tí omi páànù ń ṣàn wọ̀. A rò pé ọlá ni. Ọgbọ́n ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a ṣe bí ẹni pé adùn nìkan ni. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí sòbìà.

Èyí nílò àlàyé fún àwọn ọmọ, nítorí wọn kò ní rí i láéláé. Kókó kan á wú lójúgun tàbí ní ọrùn ẹsẹ̀, á máa jóni bí iná, á wá là. Orí aràn funfun kan á yọ jáde. Wọ́n á lọ́ ọ mọ́ igi tín-ín-rín kan bí igi ìṣáná, wọ́n á máa yí i díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí bí wọ́n bá fà á já, ìyókù á fi ẹsẹ̀ náà ṣe ọgbẹ́ tó ju ti ìṣáájú lọ. Ó lè gùn tó mítà kan. Ọdún kan ló ti lò nínú ara kó tó jáde: omi tí a mu ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ló gbé e wá. Kòkòrò omi tí ojú kì í tètè rí ló gbé ọmọ rẹ̀ mì, àwa náà sì gbé kòkòrò mì. Ìgbà tí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tí iṣẹ́ oko ń pe bàbá, ni bàbá máa ń fi ìdí wọ́ kiri àgbàlá.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí sòbìà dè mọ́lẹ̀ kárí Nàìjíríà láàárín 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ní tó bẹ́ẹ̀. Ní Kwara wa ti ìgbà yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Luke Edungbola ti Yunifásítì Ìlọrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àìsàn náà lágbègbè Asà, wọ́n sì fi hàn bí ó ṣe ń lọ sílẹ̀ níbi tí omi tó dára bá ti dé. Jimmy Carter tó ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí wá owó, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sí ìjà tí wọ́n ń bá àìsàn náà jà, Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà sì ń lọ láti abúlé dé abúlé. Oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní in ní Nàìjíríà. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé sòbìà kò ní oògùn, kò sì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, títí dòní olónìí. Aṣọ asẹ́ tí wọ́n so mọ́ ẹnu àmù, kànga tí wọ́n mọ etí rẹ̀ sókè, oògùn tí wọ́n ń dà sódò láti pa kòkòrò omi, àti ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí ó ń ka àwọn tí àìsàn náà mú, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi: ìwọ̀nyí ló lé e lọ. Ọmọ abúlé náà ló ń ṣọ́ omi abúlé náà. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù dé. Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ti ya 1981 sí 1990 sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ omi mímu kárí ayé, nígbà tó sì di 1986, ìjọba Babangida dá àjọ DFRRI sílẹ̀ fún ọ̀nà, oúnjẹ àti omi ìgbèríko. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ wọ ìlú? A sá kúrò ní kíláàsì, tíṣà náà sì sá tẹ̀ lé wa. Eruku funfun tú sókè, lẹ́yìn náà ó di ẹrọ̀fọ̀, lẹ́yìn náà omi. Àwọn ìyá wa jó. A rọ̀ mọ́ ọwọ́ pọ́ǹpù náà ní méjì-méjì, ó ń gbé wa sókè sódò, a kò sì fẹ́ lọ sílé mọ́.

Irú pọ́ǹpù tí wọ́n rì sí ọ̀pọ̀ ìgbèríko nígbà náà, India Mark II ni wọ́n ń pè é, ọwọ́ àwọn ará Íńdíà ló ti wá. Irin rẹ̀ le bí nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ nínú ilẹ̀, rọ́bà roboto kan wà lẹ́nu ọ̀pá rẹ̀, òun ló ń fa omi gòkè. Rọ́bà a máa jẹ. Bí ó bá jẹ, ẹ lè máa fa ọwọ́ pọ́ǹpù títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Tiwa jẹ, a sì ń wo ara wa. Rọ́bà náà kò wọ́n. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú ìlú lè fi owó ìpàdé ọjọ́ kan rà á. Ṣùgbọ́n ta ló ní pọ́ǹpù? Ti ìjọba ni, a wí, àwọn tí wọ́n rì í ni kí wọ́n wá tún un ṣe. Odò tí a jogún, a mọ̀ pé tiwa ni, a ń gbá a lọ́dọọdún. Pọ́ǹpù tí wọ́n gbé fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, a kò fọwọ́ kan án. Láàárín ọdún tí à ń retí ẹni tí yóò wá, koríko bo ọ̀nà odò, ẹgbẹ́ tó ń gbá odò túká, àwọn ìyá àgbà tó jẹ́ ọlọ́pàá ibẹ̀ sì ti lọ sọ́run. Nígbà tí a fi máa padà sódò, wọ́n ti dáko dé bèbè rẹ̀.

Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi wa ti bàjẹ́. Kì í ṣe irin ló kùnà. Omi bọ́ lọ́wọ́ ìlú, kò sì bọ́ sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti ara rẹ̀. Ẹni tó lówó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù sínú ọgbà, ó fi jẹnẹrétọ̀ fà á, lónìí sólà ló ń fà á. Ẹni tí kò lówó ń ra píọ̀ wọ́tà, tàbí kó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ dúró lẹ́nu géètì. Orí àpáta ni ilẹ̀ wa sì jókòó lé. Omi abẹ́ ilẹ̀ Yàgbà kò tò kalẹ̀ káàkiri bí adágún. Inú ìpele ilẹ̀ rírọ̀ tó wà lórí àpáta ló wà, àti inú ibi tí àpáta ti sán. Ẹni tó bá gbẹ́lẹ̀ láì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè gbẹ́ ọgọ́rin mítà kó bá òkúta lásán, nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ bá omi ní ọgbọ̀n. Kànga tí kò jìn ni ẹ̀ẹ̀rùn kọ́kọ́ ń mú.

Òjò náà kò sì rí bí a ṣe mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọn àgbẹ̀ wa ni kí ẹ bi. Ó lè pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì dé, á dà bí ẹni tú agbada, á gbá ilẹ̀ lọ, á tún sinmi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Onímọ̀ ojú-ọjọ́ á sọ ìdí rẹ̀ fún yín: bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ó lè gbé omi tó fi nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ó bá dà á, á dà á tagbáratagbára, omi tó yẹ kó rọra wọ ilẹ̀ lọ bá àwọn kànga á di àgbàrá. Ní 2012 àti 2022, gbogbo wa rí Lọ́kọ́já lórí tẹlifíṣọ̀n, tí Ọya àti Bẹ́núé gbé ilé àti ọ̀nà mì. Ìpínlẹ̀ kan náà ni tiwa, níbi tí korobá ti ń kan ìsàlẹ̀ kànga gbígbẹ nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú.

Ẹ ó ní, ìdídò ńlá tí wọ́n ń pè ní dáàmù ńkọ́? Ó wà. Ìdídò tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Omi, lórí odò Kampe, nínú Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn tiwa yìí, tí àjọ Lower Niger River Basin tó wà ní Ìlọrin ń mójú tó, wọ́n kọ́ ọ kó lè gba nǹkan bí bílíọ̀nù 250 lítà omi. Fún ìbomirin oko ni wọ́n dìídì ṣe é, oko ìrẹsì rẹ̀ sì wúlò. Èmi kò bá ìdídò ńlá ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí páìpù láti ibẹ̀ dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lè jókòó pẹ́. Lónìí, òbí wo ló máa rán ọmọ gba ọ̀nà odò tí àwa ń rìn lókùnkùn kùtùkùtù? Àwọn ajínigbé ti sọ igbó di ẹ̀rù. Omi gbọ́dọ̀ sún mọ́lé, kó sì wà ní oríṣiríṣi ibi, kí ọ̀kan má baà kùnà kí gbogbo ìlú gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò páànù wò. Òjò mìlímítà kan lórí páànù tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, lítà omi kan ni. Ilé tí páànù rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá, bí òjò ọdún bá tó 1,200 mìlímítà, lítà 120,000 ló ń ṣàn kúrò lórí rẹ̀ lọ sójú àgbàrá. Ká ní ìdá kan nínú márùn-ún ṣòfò, 96,000 ṣẹ́kù. Ìlànà omi tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2000 ní kí ará ìgbèríko rí ó kéré tán lítà 30 lóòjọ́, láàárín mítà 250 sí àdúgbò rẹ̀. Ilé elèèyàn mẹ́fà, lítà 180 lóòjọ́ ni. Ẹ pín in: omi páànù kan lásán ju ti ọdún kan lọ! Ibi tí a ó kó o sí nìkan ló kù. Bí ó bá jẹ́ omi mímu àti ti oúnjẹ nìkan, lítà mẹ́jọ fún ẹnì kan, oṣù márùn-ún ẹ̀ẹ̀rùn kò gbà ju lítà 7,200 lọ. Tánkì sìmẹ́ǹtì bàbá àgbà gba bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ṣáà jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ aláǹgbá nù lórí páànù kí ẹ tó gbé gọ́tà wọ tánkì.

Iyanrìn tí a ń gbẹ́ nígbà èwe ńkọ́? Ní Machakos àti Kitui ní Kẹ́ńyà, ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n mọ ògiri kékeré dí odò tó máa ń gbẹ, àgbàrá á kó iyanrìn jọ sẹ́yìn rẹ̀, omi á sì fara pamọ́ sínú iyanrìn yẹn, oòrùn kò ní lè fà á gbẹ. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló ń kó òkúta rẹ̀. Ní Alwar ní Íńdíà, láti 1985, Rajendra Singh àti àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ tún àwọn ìdídò alámọ̀ ayé àtijọ́ ṣe, títí odò Arvari tó ti gbẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn padà. Wọ́n fún Singh ní ẹ̀bùn omi ti Stockholm ní 2015. Elinor Ostrom, obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé, ní 2009, ṣe ìwádìí lórí omi oko àwọn ará Nepal. Ó rí i pé èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń ṣàkóso fúnra wọn sábà máa ń ṣiṣẹ́ ju èyí tí ìjọba kọ́ lọ, bí sìmẹ́ǹtì tìjọba tilẹ̀ nípọn jù. Àwọn ìyá àgbà wa tó ń ṣọ́ odò ìbá gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin kò sì dí wa lọ́nà. Òfin omi ti 1993 gbà kí ẹnikẹ́ni bu omi fún ìlò ilé àti fún ẹran ọ̀sìn rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, níbi tí gbogbo èèyàn bá ní àyè dé. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Odò-Ẹrẹ̀ ni olú ìjọba ìbílẹ̀ Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn. Ilé wọn kò jìnnà sí ilé wa. Ó yẹ ká lè wọlé lọ béèrè ohun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún omi lọ́dún yìí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa ní Àbújá, ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀yin tí ẹ ń kówó jọ láti wá gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù tí ẹ ó kọ orúkọ ìyá yín sí, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí a bá pàdé nílé lóṣù kejìlá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rin ìlú yíká, ká ka pọ́ǹpù àti bọ́ọ̀hóòlù tó ti kú, ká mọ èyí tí rọ́bà lásán ń pa. Kí a yan ìgbìmọ̀ omi fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan, kí akápò jẹ́ obìnrin, nítorí àwọn ló ń mọ̀ nígbà tí omi bá kọ́kọ́ tán. Kí a rán ọ̀dọ́ méjì lọ kọ́ṣẹ́ àtúnṣe pọ́ǹpù àti sólà. Kí gbogbo ilé máa dá owó kékeré lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo èèyàn. Kí a gba bèbè odò padà lọ́wọ́ oko, kí a gbin igi sí i. Owó bọ́ọ̀hóòlù kan lè tó gbogbo èyí.

Kí ẹ tó gbẹ́ tuntun, ẹ tún ti àtijọ́ ṣe, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé àwọn obìnrin ìlú lọ́wọ́.